Orin dùn, fíìmù ńkọ́?

Àbúrò, o béèrè pé ṣé a lè fi orin mọ fíìmù àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dáa, àti pé kí ló dé tí orin inú àwọn DVD tí o rà fi ń dún tín-ín-rín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé fíìmù wọ̀nyí sí ojú ògiri fún àwọn àgbà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, àwọn àgbà wọ̀nyí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sínú.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti ohùn tín-ín-rín. Àwòrán 24 ni fíìmù sinimá ń lò láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tẹlifíṣàn ilẹ̀ yìí ń lo 25. Nígbà tí wọ́n ń dà á sórí kásẹ́ẹ̀tì àti DVD, ṣe ni wọ́n sábà máa ń mú gbogbo ẹ̀ sáré díẹ̀. Fíìmù wákàtí méjì á fi bí ìṣẹ́jú márùn-ún kúrú, ohùn orin á sì ga ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ. Màmá kan tó ti ń tẹ dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tipẹ́ gbọ́ orin píánò Rachmaninoff inú fíìmù Brief Encounter (1945) lórí DVD mi, ó ní, "Ta ló ń lé wọn?" Àwo Blu-ray, tó dé lẹ́yìn DVD, kì í sábà ní wàhálà yẹn.

Ní ti fífi orin ṣe adájọ́, wo Battle of Britain, fíìmù ogun ọdún 1969. William Walton ni wọ́n kọ́kọ́ gbé orin rẹ̀ fún, àgbà ọ̀jẹ̀ tó kọ orin fíìmù Henry V fún òṣèré Laurence Olivier ní 1944. Wọ́n gba orin náà sílẹ̀ tán ni àwọn tó náwó sí fíìmù bá ní kò pọ̀ tó láti kún àwo rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ tà. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Wọ́n pe olórin míì, Ron Goodwin, kó kọ tuntun. Olivier, tó ṣeré níbẹ̀, ló fárígá pé òun á yọ orúkọ òun kúrò, ni wọ́n tó dá apá kan nínú iṣẹ́ Walton padà.

DVD tó jáde ní 2004 ní orin méjèèjì, ìwọ lo máa yan èyí tí o fẹ́. Mo fi méjèèjì han àwọn àgbà mi. Níbẹ̀rẹ̀, bí ọ̀gágun Jámánì ṣe ń yẹ àwọn ọmọ ogun wò, orin Goodwin dùn débi pé àwọn bàbá tí bọ́ǹbù Jámánì já lu àdúgbò wọn lọ́mọdé ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìyàwó ọ̀kan gbá a lórúnkún. Walton ní tiẹ̀ fa orin Wagner, olórin Jámánì, wọlé, ó ń fi àwọn Jámánì ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó dé ìjà ojú ọ̀run tó kẹ́yìn, wọ́n pa ariwo ẹ́ńjìnnì àti ìbọn, bàálù ń já bọ́, orin Walton nìkan ló ń lọ. Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Síbẹ̀, orin méjèèjì ò tún ìtàn náà ṣe: èrò inú ẹ̀ pọ̀ jù, kí o tó mọ ẹnì kan, ó ti kú.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni Men of Two Worlds (1946). Arthur Bliss ló kọ orin ẹ̀, Eileen Joyce tó tẹ píánò inú Brief Encounter ló tún tẹ̀ ẹ́. Orin gidi ni. Ọmọ Èkó wa, Orlando Martins, wà níbẹ̀, àmọ́ ipa adáhunṣe tó ń dẹ́rù ba ará abúlé ni wọ́n fún un, àfi bíi pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló gbọ́n tán. Kò sí orin tó lè wo ìyẹn sàn.

Ibi tí wọ́n ti pa orin lèmi ti ń mọ olùdarí tó mọṣẹ́. Orin Eric Coates inú The Dam Busters (1955), àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù England ń kọ ọ́ ní pápá títí dòní. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàálù bá rẹlẹ̀ sórí omi láti ju bọ́ǹbù, ẹ́ńjìnnì àti ìbọn lo máa gbọ́. The Third Man (1949) náà: zither, ohun èlò olókùn, tí Anton Karas ń ta ò jẹ́ kí ìlú Vienna sinmi, àmọ́ bí wọ́n bá ti ń lé ọ̀daràn inú ẹ̀, Harry Lime, nínú ihò ìdọ̀tí abẹ́ ìlú, omi àti ẹsẹ̀ ló kù.

DVD 2004 yẹn ni kí o kọ́kọ́ wá. Wo ti Goodwin tán kí o tó fọwọ́ kan ti Walton.