Àfojúsùn mélòó ló yẹ kí n kọ sílẹ̀ fún ọdún tuntun, báwo ni mo sì ṣe máa kọ ọ́ tí kò fi ní já sófo?

Méjì tàbí mẹ́ta ti tó: ó kéré tán, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ara yín. Ẹni tó bá kọ mẹ́wàá sábà máa ń pa gbogbo rẹ̀ tì, torí wákàtí inú ọ̀sẹ̀ kì í pọ̀ sí i.

Ẹ kọ ọ́ débi tí ẹlòmíì fi lè wò ó kó sọ bóyá ẹ ti ṣe é. “Mo fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́nu iṣẹ́” kò ṣeé wọ̀n. “Màá ṣe ìdánwò ìṣirò owó kí oṣù kẹfà tó parí” ṣeé wọ̀n. Ìgbéga kò sí lọ́wọ́ yín, ọ̀gá ló ń fúnni. Ìwé ẹ̀rí àti iye ibi tẹ́ ẹ kọ̀wé béèrè iṣẹ́ sí ló wà níkàáwọ́ yín, ìyẹn ni kẹ́ ẹ lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pín in sí oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kẹ́ ẹ wá mú ọjọ́ àti aago: bíi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago méje sí mẹ́jọ alẹ́. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọn ò mọ ìgbà tí wọ́n máa ṣe é. Wákàtí 2 lọ́sẹ̀ (kékeré lójú, àbí?) jẹ́ 104 lọ́dún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, ìṣẹ́jú 20 péré. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá lọ láìṣe nǹkan kan, ẹ má sáré dí àlàfo náà. Ibi tẹ́ ẹ bá a dé ni kẹ́ ẹ ti tẹ̀ síwájú.