Èsì: Kòtò omi màlúù tó ń gbẹ ní Ṣakí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kòtò omi màlúù yín ní Ṣakí, tó jìn ní mítà 1 péré, ń gbẹ kí òjò tó dé, bẹ́ẹ̀ ti Iléṣà níbí kì í gbẹ. Ọyẹ́ àti oòrùn ọ̀hún ló ń fa omi tó bá tẹ́jú. Ẹ gbẹ́ ẹ jìn tó mítà 3, kó má fẹ̀ jù. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ yanrìn, ẹ kó amọ̀ lé e ní ìpele-ìpele, kí ẹ gún un mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọgbà yí i ká, kí ẹ fi páìpù fa omi sínú ọpọ́n. Bí màlúù bá ń wọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn á wó etí rẹ̀, ẹrẹ̀ á dí i. Ẹ ṣírò lítà 50 fún màlúù kan lóòjọ́.