Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Oore Ṣíṣe Lásìkò Kónílé-ó-gbélé

Lóṣù tó kọjá, a ní kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fi ìbéèrè ránṣẹ́ nípa ohun tí aládùúgbò lè ṣe fún aládùúgbò bí irú kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 bá tún dé. Lẹ́tà mẹ́rin la mú nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Yàrá méjìlá ló wà nílé tí à ń gbé. Nígbà kòrónà, ọlọ́kadà kan nínú ilé wa ò rí oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá onílé pè é síta, wọ́n fún un ní gàrí lójú gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kí ìyá dáadáa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá ò ní in lọ́kàn láti dójú tì í. Báwo ló ṣe yẹ ká ṣe é? — Ìyálé ilé kan, Agége

Ẹ kú àníyàn, ìyá wa. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe aláìmoore, ojú ló tì í. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Ààrẹ Buhari kéde pé kí Èkó, Ògùn àti Àbújá wà ní títì pa fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n tún sún un síwájú, ó di ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé owó òòjọ́ ló fi ń bọ́ ilé, ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní láti fi wá oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sọ ara rẹ̀ di alágbe, kò sì yẹ ká gbé oúnjẹ fún un bí ẹni ń fún alágbe.

Gbogbo yàrá ni kó gba àpò oúnjẹ kan náà. Yàrá méjìlá, àpò méjìlá, títí kan ti ìyá onílé. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ṣì pọ̀ á rọra dá tirẹ̀ padà lálẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, wọn á sì fi èyí tó padà kún ti yàrá tí ẹnu pọ̀ níbẹ̀. Lójú gbogbo ilé, kò sí ẹni tó gba ohun tí ẹlòmíràn kò gbà. Ẹ má ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò pẹ̀lú àpò lọ́wọ́.

Ẹni méjì ni kó máa bójú tó o: ọ̀kan á tọ́jú ẹrù, èkejì á mú ìwé dání. Ẹ má fi ẹni tó lówó jù sí i nítorí owó rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lẹ fẹ́. Kí ìwé náà sọ iye ẹnu tó wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ibi tí aboyún tàbí ọmọ ọwọ́ wà, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, àti ohun tí yàrá náà lè ṣe fún ilé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń kùnà nìyí o. Wọ́n máa ń kọ ohun tí kálukú nílò, wọn ò ní kọ ohun tó lè mú wá. Ọlọ́kadà yín ló mọ ọ̀nà, òun ló yẹ kẹ́ ẹ rán lọ sọ́jà ní ìwọ̀nba wákàtí tí ìjọba bá fi sílẹ̀ fún ọjà oúnjẹ. Ẹlòmíràn á pọn omi, ẹlòmíràn á máa kọ́ àwọn ọmọ níwèé. Ẹni tó rí nǹkan fi sílẹ̀ kì í tijú láti gbà. Àjọjẹ ò dùn bẹ́nì kan ò ní, bó ti wù kí ohun tó ní kéré mọ.

Ìwọ̀n oúnjẹ fún bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, ọ̀sẹ̀ kan: ìrẹsì kóńgò mẹ́ta, gàrí kóńgò mẹ́ta, ẹ̀wà kóńgò méjì, epo tàbí òróró lítà kan àbọ̀, iyọ̀, ata gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ. Ẹ má yọ epo kúrò. Bí kò bá sí epo, àwọn ọmọ á jẹun yó, ara wọn á sì tún máa rẹ̀ wọ́n. Tòmátì àti búrẹ́dì kò tọ́jọ́, ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ pín in.

Àwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ máa ń gbàgbé iná ìdáná. Kí ni aláìní gáàsì fẹ́ fi ẹ̀wà ṣe? Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kẹ́ ẹ da omi náà nù kẹ́ ẹ tó gbé e kaná. Á tètè jinná. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, kẹ́ ẹ da á sínú kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le, kẹ́ ẹ sì fi odindi ata gbígbẹ sáàárín rẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ̀tapíapía sí i. Májèlé ni, fífọ̀ kò sì ní kó o kúrò tán.

Bí aládùúgbò bá ní àrùn kòrónà nínú ilé tí gbogbo wa jọ ń lo balùwẹ̀ kan, ṣé kò dára ká ní kó jáde? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìbàdàn

Rárá o. Bí ẹ bá lé ọ̀kan, ẹni tó bá tún ṣàìsàn á fi pamọ́, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo ilé máa kó o. Ẹ bá a ya yàrá kan sọ́tọ̀, kó ṣí fèrèsé sílẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí síta ni kòrónà ń bá rìn jù. Kó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ká kà á láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Òun ni kó máa wẹ̀ kẹ́yìn, kí wọ́n ṣí balùwẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹlòmíràn tó wọlé.

Ẹ fi bílíìṣì nu ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ. Bí ara ike bá kọ 3.5%, ọgbọ̀n mílílítà nínú omi lítà kan ti tó. Òòjọ́ ni kẹ́ ẹ máa pò ó, agbára rẹ̀ kì í dúró títí. Ẹ má da á pọ̀ mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì fọ́n ọn sí èèyàn lára.

Ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn tó mítà méjì. Kí ẹ̀yin àti òun lo ìbòmú, ẹ sì dúró bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tí aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń rántí ni pé wọ́n dá a mọ̀, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Bí mímí bá nira fún un, bí àyà bá ń dùn ún, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kántankàntan, ẹ má dúró dọ̀la, ilé ìwòsàn ló kàn.

London ni mo wà. Bàbá mi dá gbé ní Abẹ́òkúta, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Mo fi owó ránṣẹ́ nígbà yẹn, síbẹ̀ nǹkan ò rọrùn fún wọn. — Ọmọbìnrin kan

Owó dé, àmọ́ ta ló máa gbà á fún wọn? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá wa nìyẹn. Ẹ ṣètò rẹ̀ báyìí tí ọ̀nà ṣì ṣí: aládùúgbò kan tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì, oníkẹ́míìsì kan àti oní-POS kan tí bàbá lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣù kan máa wà nílé láfikún sí èyí tí wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ máa lo ti àtijọ́ ṣáájú kó má baà bàjẹ́. Ẹ fi yé bàbá pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti báǹkì tó máa pè láti gba nọ́ńbà àṣírí kó tó fún wọn lówó kòrónà. Ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà nìyẹn.

Ẹ fi àmì kan sílẹ̀ láàárín bàbá àti aládùúgbò: kí wọ́n ṣí fèrèsé ojúde kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀. Bí kò bá ṣí di mẹ́sàn-án, kí aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ní ti ìdánìkanwà, wákàtí kan náà ni kẹ́ ẹ máa pè lójoojúmọ́, nítorí ohun tí wọ́n ń retí ló ń gbé ọjọ́ wọn ró. Ẹ má sì jẹ́ kó parí sí "Ṣé àlàáfíà ni, sà?" Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní oríkì ìdílé, ẹsẹ díẹ̀ lójúmọ́, kẹ́ ẹ kì í fún wọn lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ṣì í, wọ́n á tún un ṣe, ohùn wọn á sì yí padà.

Èèyàn mẹ́wàá là ń dá èsúsú, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lọ́sẹ̀. Bí ọjà bá tún tì, ṣé ká túká ni? — Oníṣòwò kan, Ṣàgámù

Ẹ má túká, ẹ dá a dúró. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a dúró, ẹ kọ orúkọ àwọn tó ti gbà àti iye tó kù tí wọ́n máa dá, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Àwọn tó ti gbà ni kò gbọdọ̀ sá. Bí ẹbí ẹnì kan bá wà nínú ìṣòro tí owó ọ̀sẹ̀ yẹn sì wà nílẹ̀, ẹni tó kàn nìkan ló lè yọ̀ǹda àyè rẹ̀ fún un, alága kò lè fi tipátipá gbà á. Tó bá jẹ́ pé ẹni mẹ́ta péré ló rí owó dá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, kò tíì di èsúsú. Ẹ kà á sí ẹ̀yáwó, ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀. Nígbà tí ọjà bá ṣí, ibi tẹ́ ẹ dúró lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni kẹrin ló kàn, òun náà ni kó kọ́kọ́ gbà.