Bí a ṣe ń di ẹ̀yìn Wessex mú nínú Thrones of Britannia

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Thrones of Britannia, géèmù ogun ayé àtijọ́ ilẹ̀ Britain, ni mo ń ta lórí kọ̀ǹpútà, West Seaxe (Wessex), ìjọba ọba Alfred ní gúúsù England, ni mo sì mú. Mo kó gbogbo ọmọ ogun mi lọ bá àwọn East Engle jà, ìyẹn àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti Scandinavia, tó tẹ̀dó sí East Anglia. Kí n tó gba ìlú kan lọ́wọ́ wọn, àwọn Viking mìíràn ti gba ojú òkun wọlé sẹ́yìn mi, wọ́n ti gba oko àti abúlé. Tí mo bá sáré padà dé ibí, wọ́n á ti wà lọ́hùn-ún. Oúnjẹ ti ń tán báyìí, méjì nínú àwọn balógun mi sì ti ń wò mí lójú burúkú. Ṣé kí n pa á rẹ́ kí n tún un bẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Eku méjì lẹ ń lé lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Nínú géèmù yìí, olú ìlú ẹkùn kọ̀ọ̀kan nìkan ló ní odi àti ẹ̀ṣọ́. Àwọn oko, ibi ìwakùsà, ṣọ́ọ̀ṣì àti abúlé yòókù wà gbayawu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ni ín, ì báà jẹ́ ọ̀wọ́ ọmọ ogun kékeré. Ó máa ń bá ẹni tó ti ta Rome II, géèmù mìíràn nínú ọ̀wọ́ yìí, lójijì, nítorí níbẹ̀, ìlú kékeré pàápàá ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ.

Ìtàn ni iṣẹ́ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ Alfred gan-an. Ní oṣù kìíní ọdún 878, ọdún Kérésìmesì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, kò sẹ́ni tó ń retí ogun nínú òtútù bẹ́ẹ̀, ni Guthrum, ọba àwọn Viking, já wọ ìlú Chippenham. Alfred sá wọ irà Athelney ní Somerset pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn. Oṣù karùn-ún ló tó kó ọmọ ogun jọ, tó sì ṣẹ́gun Guthrum ní Edington. Guthrum ṣe ìrìbọmi, lẹ́yìn náà ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ tẹ̀dó sí East Anglia. Ọdún 878 yẹn náà ni géèmù yín ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará Guthrum sì lẹ lọ gbógun tì.

Alfred kò lé Guthrum lọ síbẹ̀. Ó pín ọmọ ogun rẹ̀ sí méjì: bí ìdajì bá wà lójú ogun, ìdajì á wà nílé, wọ́n á sì máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Yàtọ̀ sí wọn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé odi ìlú nìkan ni wọ́n ń ṣọ́. Láàárín òun àti Edward ọmọ rẹ̀, nǹkan bí 30 ìlú ló di ìlú olódi, débi pé àgbẹ̀ tó bá gbúròó Viking lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi ààbò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ tó bá tó bọ́ ìdílé kan gbọ́dọ̀ yọ ọkùnrin kan sílẹ̀ fún odi. Ti Winchester, olú ìlú Wessex, nìkan jẹ́ ọkùnrin 2,400. Nígbà tí àwọn Viking tún kó dé ní 892, wọ́n rìn káàkiri títí di 896, wọn ò rí Wessex gbà.

Ẹ̀yin ò lè mọ odi yí abúlé ká nínú géèmù. Pínpín ọmọ ogun sí méjì ló kù fún yín. Àwọn tó máa dúró sílé kò nílò ìhámọ́ra olówó gọbọi. Àwọn tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, tó lè fi asà tò bí ògiri, pẹ̀lú tafàtafà díẹ̀, ti tó. Ẹ má fi wọ́n pamọ́ sínú Winchester tó ti ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ẹ fi wọ́n sí àárín ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè tètè dé etíkun tàbí odò Thames. Tí Viking bá sì sá, ẹ má tẹ̀ lé wọn. Ẹ lọ dúró sí ọ̀nà oko tó ń mú oúnjẹ wá jù lọ, wọ́n á wá bá yín níbẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń jáde lọ, ẹ rántí pé ìdá kan nínú mẹ́rin iye èèyàn tó yẹ ni ọ̀wọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà máa ń ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kún kí wọ́n tó kúrò nílé. Ohun tí wọ́n ń jẹ máa ń dínkù lórí ilẹ̀ ọ̀tá, torí náà ẹ má lọ jókòó sídìí odi olú ìlú wọn. Oko tiwọn náà kò ní ẹ̀ṣọ́: ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ tó ń tán yẹn, àwọn ọmọ ogun yín ló ń jẹ ẹ́. Ẹ tú àwọn ọ̀wọ́ tó ti fọ́ ká.

Àwọn balógun, ilẹ̀ ni wọ́n ń bínú sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra. Bí ilẹ̀ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ ọba, inú àwọn ìjòyè kì í dùn. Ẹ wo iye tí Alfred dì mú, kí ẹ pín nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó o lé ẹnì kan lọ́wọ́, ìyẹn náà á di wàhálà.

Mo tún rò pé ẹ kánjú. Alfred fi Æthelflæd ọmọ rẹ̀ fún Æthelred tó ń ṣàkóso Mercia, ìjọba tó wà ní àríwá Wessex, láti fi ṣe aya. Obìnrin yìí ló wá gba ìlú Derby ní 917 àti Leicester ní 918 lọ́wọ́ àwọn Viking. Ọdún 927 ni Athelstan, ọmọ ọmọ Alfred, tó gba York. Torí náà ẹ bá Mercia ṣọ̀rẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yín kan lè sinmi. Ẹ bẹ East Engle fún àlàáfíà lónìí, bó bá tiẹ̀ gba pé kí ẹ sanwó, kí ẹ sì gba àwọn oko yẹn padà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ronú kan abúlé yòókù.