Èsì: Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí kò bá ti àwọn yòókù mu

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ fi àkíyèsí yín ránṣẹ́ sí COBS, àkójọ dátà ìràwọ̀ onírù tí ibùdó ìwòràwọ̀ Črni Vrh ní Slovenia ń bójú tó, nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ onírù tí ẹ rí fi ìdajì ìwọ̀n kan (ìyẹn magnitude, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀) ju èyí tí àwọn olùwòràwọ̀ yòókù kọ lọ. Lérò tèmi, ẹ fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, ẹ má ṣe tún un ṣe kó lè bá tiwọn mu.

Ìkùukùu tó yí ìràwọ̀ onírù ká máa ń tàn kálẹ̀, ẹni tó bá sì fi awò ojú méjì kékeré wò ó sábà máa ń rí i pé ó mọ́lẹ̀ ju bí ẹni tó lo awò awọ̀nàjíjìn ńlá ṣe rí i lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń béèrè bí ojú awò yín ṣe fẹ̀ tó, ọ̀nà tí ẹ gbà fi í wé àwọn ìràwọ̀ mìíràn, àtòjọ ìràwọ̀ tí ẹ lò, àti bí àárín ìkùukùu náà ṣe ki tó, lórí òṣùwọ̀n láti 0 dé 9. Àkókò àgbáyé (UT) ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ti agogo ilé yín.

Ẹni tó ń ṣe ìtúpalẹ̀ yóò yọ ipa jíjìnnà ìràwọ̀ onírù náà sí Ayé kúrò kó tó wo bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń yí padà bó ṣe ń sún mọ́ Oòrùn. Nọ́ńbà tó yapa lè jẹ́ àṣìṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ òótọ́: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ìràwọ̀ onírù 17P/Holmes ṣàdédé mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù láàárín nǹkan bí ọjọ́ méjì. Bí òṣùpá tàbí kùrukùru bá dí yín lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé.