Ṣé hypnosis lè bá mi dín másùnmáwo kù?

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Mararaba ni mò ń gbé, Central Area ní Àbújá ni ọ́fíìsì mi wà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo sì ń jí kí n tó lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya. Bí mo bá délé lálẹ́, oorun kì í wá. Àyà mi á máa já, orí á máa fọ́ mi. Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, pé másùnmáwo ni. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n lọ bá ẹnìkan ní Wuse tó ń fi hypnosis tọ́jú ènìyàn, ó ní ìjókòó kan ti tó. Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ one chance fi ń gba owó lọ́wọ́ èrò ni? Ìyá Ìbejì, Mararaba.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀nà o. Èmi náà ti gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n ní olè fọwọ́ kàn léjìká nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ gba owó ní báńkì fún un. Ohun yòówù kí olè fi ṣe é, hypnosis tí à ń lò fún ìtọ́jú kò bá a tan rárá. Kò ní oògùn, kò ní ọfọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí à ń ṣe é fún kò sùn: ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ, àṣírí tí kò bá fẹ́ sọ yóò wà níkùn rẹ̀, ó sì lè dìde kí ó máa lọ nígbà tó bá wù ú. Orúkọ ló ń ṣi ènìyàn lọ́nà. James Braid, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland tó ṣiṣẹ́ ní Manchester, ló sọ ọ́ di mímọ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1843, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí oorun. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ti mọ́ aráyé lẹ́nu.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ jókòó sínú ọkọ̀, tí ẹ̀ ń ro nǹkan kan, tí ẹ wá rí i pé ọkọ̀ ti kọjá Kugbo, ó ti dé A.Y.A., tí ẹ kò sì mọ ìgbà tó kọjá? Ojú yín là, ọkàn yín ló gbájú mọ́ ibòmíràn. Irú ipò yẹn ni à ń mọ̀ọ́mọ̀ wá nínú hypnosis.

Lọ́dọ̀ mi, ẹni náà á jókòó, á tẹjú mọ́ ojúkan lára ògiri, á sì máa mí, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Bí ìpéǹpéjú bá ti wúwo, a ó jọ lọ sí ibi tí ara ti máa ń rọ̀ ọ́. Inú ìwé, etíkun ni wọ́n sábà máa ń lò. Obìnrin kan tí mo tọ́jú ní omi ń ba òun lẹ́rù, nítorí náà ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ àgbà la lò, pẹ̀lú ìró ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ gàrí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé bí ó bá ti di ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí ó mí kanlẹ̀, kí èjìká rẹ̀ sọ̀ wálẹ̀. Òun ló ń dá a ṣe nínú ọkọ̀ báyìí. (Èrò ni o; ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò lórí ìrìn.)

Ìjókòó kan kò lè tó. Ìwádìí fi hàn pé hypnosis ń dín ìrora àti ìbẹ̀rù kù fún àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí lórí másùnmáwo ojoojúmọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lò ó mọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti àtúnṣe oorun. Kò sì lè sún Mararaba mọ́ Central Area.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í léèrè bóyá dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ni. Bí ó bá ní òun fẹ́ wá inú ọkàn yín láti mọ ẹni tó ń ṣe yín níbi tàbí ohun tí ẹ ti gbàgbé, ẹ dìde níbẹ̀, nítorí ìrántí tí kò ṣẹlẹ̀ rí lè ti ibẹ̀ wọ ọkàn ènìyàn, kó sì dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

Ní tiyín, ẹ padà lọ bá dókítà kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó dín, kí ó sì yẹ ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) wò pẹ̀lú, nítorí àwọn méjèèjì lè mú àyà máa já. Ẹ sọ fún un bóyá ẹ̀ ń mu kọfí tàbí ohun mímu amáralókun lọ́sàn-án kí oorun má baà kùn yín lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ kọ aago tí ẹ wọ ibùsùn sílẹ̀ àti ìgbà tí oorun gbé yín lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ.