Àyẹ̀wò ewédú fún ibùdó òfurufú: ibo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Olùkọ́ báólọ́jì ni mí ní Abẹ́òkúta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS2 mi fẹ́ ṣètò àyẹ̀wò tí wọ́n lè ṣe nínú ibùdó òfurufú ISS: wọ́n fẹ́ mọ bí ewédú ṣe ń hù níbẹ̀. Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ bi wọ́n pé: kí ni òòfà ilẹ̀ ń ṣe nínú ohun tí wọ́n fẹ́ wò? Bí kò bá ṣe nǹkan kan, kò sídìí láti gbé e kúrò ní Abẹ́òkúta. "Bí ewédú ṣe ń hù" fẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ibi tí gbòǹgbò máa kọjú sí, torí òòfà ló ń darí rẹ̀ sísàlẹ̀. (Òòfà wà lọ́hùn-ún o. Ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, ó ṣì tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tiwa. Ibùdó náà àti ohun inú rẹ̀ ló jọ ń já bọ̀ yí ayé po, ni wọ́n fi ń léfòó.)

Àyè tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí kéré. Ọ̀pá rọ́bà tó ń gba nǹkan bí mílílítà 10 ni SSEP, ètò tó ń gbé àyẹ̀wò akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ISS, ń lò. Kílípù méjì lè pín in sí yàrá mẹ́ta. Ẹ fi irúgbìn gbígbẹ àti òwú sí àkọ́kọ́, omi sí èkejì, kẹ́míkà tó ń dá ìdàgbà dúró sí ẹ̀kẹta. Àwọn tó wà nínú ibùdó náà ló máa ṣí kílípù kan kí omi lè dé irúgbìn, kí wọ́n sì ṣí èkejì kí kẹ́míkà lè wọlé kó tó padà. Láìsí kẹ́míkà yìí, gbòǹgbò á tún tẹ̀ nígbà tó bá padà délé, ohun tí ẹ wá kò ní sí mọ́.

Omi ló sábà máa ń ba irú àyẹ̀wò yìí jẹ́. Bí ó bá kún ọ̀pá, irúgbìn á kú fún àìrí ọ́síjìn. Bí ẹ bá sì fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀, kò ní lọ sókè bíi tiwa níbí. Ó lè lẹ̀ mọ́ irúgbìn kí omi má kàn án. Òwú ló máa fa omi débẹ̀.

Èèpo irúgbìn ewédú le. Ẹ dì í sínú aṣọ, kí ẹ rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí 10, kí ẹ sá a gbẹ. Ẹ tọ́jú díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ tó gbìn ín wò, torí ọ̀pá náà lè pẹ́ kí wọ́n tó ṣí kílípù rẹ̀.

Ẹ ṣe ọ̀pá kan náà sílẹ̀ níbí, nínú yàrá tó tutù tó nǹkan bí 22 °C, bíi ti inú ibùdó náà. Ooru ọ̀sán Abẹ́òkúta nìkan lè mú kí ti ilẹ̀ níbí yára hù ju ti òkè lọ, ẹ ó sì rò pé òòfà ló fà á.

Kí ẹ tó kọ̀wé béèrè àyè, ẹ dán an wò lórí ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ dè é ní ìbú, kí òòfà máa fa irúgbìn láti gbogbo ìhà. Ẹ́ńjìnnì kejì ní òòró ni ẹ ó fi wé e. Bátìrì ni kí ẹ lò, kì í ṣe iná NEPA: bí ó bá dúró fún ìṣẹ́jú 30 péré, gbòǹgbò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ẹ yọ irúgbìn ọjọ́ náà kúrò nínú ìṣirò.